Abẹ Tí Mo Yàn fún Ọrùn Haneef

Àdúà ogójì ọjọ́ Bàbá mi parí lánàá. Àfáà ṣàdúà, àwọn èèyàn jẹ sàráà, wọ́n ń sọ pé èèyàn dáadáa ni, pé ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló dà á nígbẹ̀yìn. Mo gbé abọ́ ìrẹsì dání láàárín wọn, mo dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni mi ò lè gbé mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Abdulmumini onígbàjámọ̀ ní Ìlọrin yìí, àti ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n rí, ẹ jókòó kí ẹ gbọ́ ohun tí èmi Naimat, ọmọ bíbí inú rẹ̀, fi ṣe é.

Abẹ méjì ni Bàbá ní, ará Jámánì ni méjèèjì, ìwo dúdú ni èèkù wọn. Baálé ni ó ń pe ọ̀kan, Ìyàwó ni ó ń pe èkejì. Baálé nípọn lẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì tẹ́ wálẹ̀ dé ẹnu bí ẹ̀gbẹ́ àáké. Ó wúwo, kì í tẹ̀, irun líle kì í bá a jà. Ti Ìyàwó yàtọ̀. Wọ́n ti gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọnú bí ikùn ajá tí ebi ń pa, títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Tí o bá fi èékánná ta á, á dún wíín, Baálé kì í dún bẹ́ẹ̀. Irun múlọ́múlọ́ ló wà fún, irun orí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ àti irùngbọ̀n àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ú. Gbé e lé irun líle, á tẹ̀, á fò, á sì géni jẹ. Bàbá á ní, "Naimat, irùngbọ̀n ló ń yan abẹ o, kì í ṣe onígbàjámọ̀."

Ní 1987, àìsàn kan mú Bàbá lápá ọ̀tún. Ọlọ́run yọ ọ́, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ orí ìka rẹ̀ kú. Kò mọ ìwúwo nǹkan dáadáa mọ́, ojú rẹ̀ náà sì ti ń ṣú. Ó ká Ìyàwó sínú aṣọ, ó ní òun ò ní fi kan ọrùn ẹnikẹ́ni mọ́. Èmi ló wá ń pọ́n abẹ, èmi ló ń fà á lára awọ, èmi ló ń gbé e lé e lọ́wọ́. Á fi èékánná ta á kó gbọ́ ohùn rẹ̀, á ní, "Baálé nìyí?" Màá ní, "Òun ni, Bàbá." Òfin kan sì wà nílé wa: ọwọ́ tó bá ṣèèṣì gé èèyàn lọ́rùn kò gbọdọ̀ mú abẹ mọ́. Ó ṣẹlẹ̀ sí Garba, ẹ̀gbọ́n Bàbá, ọjọ́ náà gan-an ló di àgbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín, mo mọ òfin yẹn.

Haneef ń ta aṣọ nítòsí Post Office. Irùngbọ̀n rẹ̀ le, ó sì máa ń sọ kókó kókó lábẹ́ àgbọ̀n. Gbogbo àárọ̀ Jímọ̀ọ̀ ló ń wá fá a. Ibẹ̀ ló ti rí mi, tó sì bá Bàbá sọ̀rọ̀ pé òun fẹ́ fi mí ṣaya. Bàbá gbà, èmi ò gbà. Ìwé ìfẹ́ ti bà mí lórí jẹ́. Tíṣà Ọláyíwọlá, ọmọ Ọ̀mù-Àrán tó ń gbé ní Adéwọlé, ló ń yá mi níwèé wọ̀nyẹn. Wọ́n á ti fi pẹ́ńsù fàlà sábẹ́ ibi tó bá dùn, mo sì gbà pé èmi ló ń fàlà náà fún. Nínú ìwé yẹn, èdèkòyédè kékeré kan ló máa ń tú àdéhùn tí òbí ṣe ká, olólùfẹ́ tòótọ́ á sì yọ lójijì. Mo ní kí n wá èdèkòyédè kékeré. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo fojú sùn, ibi tí Bàbá ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí abẹ kàn ha Haneef lára, kó bínú, kó sọ̀rọ̀ tí Bàbá ò ní gbà. Ẹ wo ọgbọ́n òmùgọ̀!

Jímọ̀ọ̀ kan ni, ní 1989. Haneef jókòó, ó ní, "Naimat, o ò kí ọkọ ẹ?"

Mo ní, "Ọkọ wo? Ẹni tí irùngbọ̀n ẹ̀ ṣeé fi fọ ìkòkò?"

"Tí o bá délé mi, wàá rí kànìnkànìn ọ̀fẹ́ nìyẹn."

Bàbá ń rẹ́rìn-ín, ó ń po ọsẹ. Mo dúró títí Ládi tó ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa fi tan ẹ̀rọ rẹ̀. Bí ariwo ẹ̀rọ ti gba gbogbo àyíká, mo tú Ìyàwó kúrò nínú aṣọ, mo gbé e lé Bàbá lọ́wọ́. Ó fi èékánná ta á. Mo rí i tí abẹ gbọ̀n, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀. "Baálé nìyí?" "Òun ni, Bàbá." Lọ́jọ́ yẹn, kò bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní kí òun kọ́kọ́ mú abẹ́ àgbọ̀n tó sọ kókó kúrò. Abẹ kọ́ irun, ó tẹ̀, ó fò. Ẹ̀jẹ̀ da sára aṣọ funfun tí Haneef fẹ́ wọ̀ lọ kírun. Ó fọwọ́ di ọrùn mú, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Bàbá, ẹ má bínú o, èmi ni mo mira." Kò mira. Mo ń wò ó, kò mira rárá. Bí wọ́n ti ń sáré gbé e lọ rán ojú egbò, mo fọ Ìyàwó, mo ká a padà sínú aṣọ, mo gbé Baálé sórí àwo.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá pè mí wọ yàrá. Ó ní, "Naimat, má bẹ̀rù, mi ò ní nà ọ́. Kò sẹ́ni tí kì í ṣe àṣìṣe. Èwo lo gbé lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn?" Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá gba ọkùnrin yẹn là. Mo rò ó pé tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á bi mí nídìí, orúkọ Tíṣà á jáde. Mo ní, "Baálé ni, Bàbá." Ó ní, "Ó dáa. Ọwọ́ mi ni nígbà náà." Ó gbé ọwọ́ náà lé itan bí ẹni gbé ẹrù ẹlẹ́rù sílẹ̀.

Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Àwọn tó ń fá irun fún láti ogún ọdún ń sọ fún ara wọn pé, "Ẹ ò ríyẹn? Àna ẹ̀ ló fẹ́ dúńbú." Nígbà Iléyá, ó ra fèrè aláfẹ́fẹ́ tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọdé. Ó fẹ́ ẹ, ó fi ọsẹ pa á, ó fi Baálé fá ọsẹ náà kúrò. Fèrè kò bẹ́. Ó fẹ́ òmíràn. Kò bẹ́. Mo ń wò ó láti ojú fèrèsé, mo gbọ́ tó ń bá ọwọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ìwọ tí o ò bẹ́ fèrè, kí ni ọrùn Haneef ṣe fún ẹ?" Ọdún méjì ló fi ń bi ọwọ́ náà bẹ́ẹ̀, títí ó fi kú.

Tíṣà ńkọ́? Mo sáré lọ bá a ní Adéwọlé pé àdéhùn mi fẹ́ tú. Ó ní, "Háà, ìyẹn ò dáa o. Ṣé o ti ka ìwé yẹn tán? Bọ́sẹ̀dé, àfẹ́sọ́nà mi, ń béèrè ẹ̀." Bọ́sẹ̀dé ló ń fàlà. Haneef ni kò yẹsẹ̀. Ó fẹ́ mi. Àpá náà wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, irun kì í hù níbẹ̀, ojú mi sì ń bọ́ sí i ní gbogbo àárọ̀ tí Ọlọ́run bá dá.

Lánàá, mo bi àfáà bí ẹni ń béèrè fún ẹlòmíràn. Ó ní, "Èyí tó o ṣẹ Ọlọ́run, Ọlọ́run lè fojú fò ó. Èyí tó o ṣẹ èèyàn, èèyàn náà ló ni ìdáríjì rẹ̀." Mo ní bí ẹni náà bá ti kú ńkọ́? Ó ní kí n máa ṣe sàráà fún un. Lẹ́yìn náà, ó ń yí tẹ̀súbáà rẹ̀ lọ. Láàárọ̀ yìí mo sọ fún Haneef. Ó fọwọ́ pa àpá náà, ó jáde, kò sọ ibi tó ń lọ. Ó ti di ìrọ̀lẹ́ báyìí, kò tíì dé.

Ẹ̀yin ọmọge tí ẹ ń kàwé ìfẹ́, ẹni tó bá fẹ́ràn yín tó sì bi yín léèrè lọ́jọ́ kẹta, ẹ dá a lóhùn lọ́jọ́ kẹta. Mi ò tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ yín, kò sí lọ́wọ́ yín. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín fún: níbikíbi tí ẹ bá ti gbọ́ ní Ìlọrin pé ọwọ́ Abdulmumini onígbàjámọ̀ dà á, ẹ bá mi sọ fún wọn pé ọwọ́ rẹ̀ kọ́. Ọmọ rẹ̀ ni.