Orí Màmá Kò Dàrú

"Orí Màmá kò dàrú. Èmi ni mo dà á rú. Òótọ́ gbọ́dọ̀ jáde lónìí."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bọ́ lẹ́nu ìyàwó ilé nìyẹn, nínú pálọ̀, lọ́sàn-án gangan, lójú ọkọ rẹ̀ àti Eyínafẹ́, àbúrò ọkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá wọn ló kó wọn jọ. Dókítà ti ní kí wọ́n má jẹ́ kí ó dá nìkan gbélé mọ́, ọkọ sì ti ń dárúkọ ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà tó ń gbàgbé nǹkan. Màmá fúnra rẹ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń mi orí sí gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, bí ẹni pé ẹjọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ń dá.

"Kí lo sọ?" ni ọkọ rẹ̀ bi í.

Eyínafẹ́ ń fojú bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, èyí sì ti balẹ̀. Ìyàwó kúnlẹ̀ síwájú Màmá, kò sì mọ ibi tí ì bá ti bẹ̀rẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi iṣẹ́.

"Ẹ mọ̀ pé ohùn àwọn àgbàlagbà tí a gbà sílẹ̀ ni iléeṣẹ́ wa ń bá àwọn ẹbí tọ́jú. Wọ́n ní kí n kó wọn kúrò lórí ògbólógbòó kọ̀ǹpútà kan lọ sórí ọ̀wọ́ kọ̀ǹpútà tí a so pọ̀, tó jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kú, òmíràn á gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Inú àpótí orí kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní kọntéínà ni ètò tó ń gba ohùn náà sílẹ̀ ń gbé. Kọntéínà ọ̀hún, bíi yàrá òtẹ́ẹ̀lì ló rí: bí àlejò bá ti jáde, wọ́n á gbá a mọ́ tónítóní. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹrù òun pẹ́, àfi kó so díìsìkì mọ́ ọn láti ìta."

"O wá gbàgbé, o ò so ó?" ni ọkọ rẹ̀ tún bi í.

"Mo so ó! Ibẹ̀ gan-an ló ti dojú rú. Fódà kan ni mo so díìsìkì mọ́, inú fódà mìíràn ni ètò náà ń kó ohùn sí. Kò sì sí iná pupa kankan tó tàn. Ohùn Bàbá ni mo kọ́kọ́ kó síbẹ̀ láti fi dán an wò, kí a tó kan ti àwọn oníbàárà. Mo gbọ́ ọ, ó dún geere, àṣé inú kọntéínà ló wà, kò dé orí díìsìkì. Ni mo bá nu ti orí kọ̀ǹpútà àtijọ́ dànù. Ta ló ń lé mi, èmi oníkánjú yìí?"

Kò pẹ́ tí kọ̀ǹpútà kan fi kú nínú ọ̀wọ́ náà. Kọntéínà dìde fúnra rẹ̀ lórí òmíràn, ó mọ́ tónítóní. Díìsìkì wà níbẹ̀, òfìfo. Ó wá ohùn náà títí ojú rẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì. Nígbà tó yá, ó tún ibi tó ti ṣì í ṣe, ohùn àwọn oníbàárà wọlé láìsí ewu, ọ̀gá rẹ̀ sì yìn ín. Ìyìn náà dùn ún bí àbàrá.

Ohùn Bàbá yìí, orí ibùsùn àìsàn ni Bàbá ti sọ ọ́ fún Màmá, ìyàwó rẹ̀, kó tó kú. Àràárọ̀ ni Màmá ń gbọ́ ọ lórí fóònù kó tó bọ́jú. Láàárọ̀ ọjọ́ tó sọnù, Màmá ní, "Ìyàwó mi, Bàbá ò dáhùn lónìí o."

"Mo dá Màmá lóhùn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ni mo bá lọ bá Eyínafẹ́, torí bó bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, Bàbá lèèyàn á pè é. Ó ní, 'Ìyàwó wa, òkú kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.' Mo sunkún títí ó fi gbà. A ṣa ọ̀rọ̀ Bàbá jọ níwọ̀n tí a rántí, ó sọ ọ́, mo gbà á sílẹ̀. Ó tiẹ̀ wúkọ́ bíi tiwọn."

Eyínafẹ́ fi ọwọ́ bo ojú.

"Màmá gbọ́ ọ, wọ́n ní, 'Ọkọ mi bẹ̀ mí níparí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n dárí ji òun. Èyí ò bẹ̀ mí.' Èmi ò gbọ́ ọ dópin rí, mi ò mọ̀ pé Bàbá bẹ̀ wọ́n. Mo wò wọ́n lójú, mo ní, 'Ọjọ́ orí ni, Mà. Bàbá ò bẹ̀ yín rí.'"

Láti ọjọ́ yẹn ni Màmá, ẹni tó mọ ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ àdúgbò, ti ń béèrè bóyá òun ti jẹun. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ó ń lo oògùn. Ìyàwó yìí kan náà ló ń bu omi fún un láti fi gbé e mì.

"Ẹ dárí jì mí, Mà. Ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́, kó tètè sọ. Irọ́ tí mo fi bò ó ló burú jù."

Màmá wò ó títí. "Ohùn tó sọnù, mo fi jì ọ́. Ohun tó fọ́ ti fọ́. Ṣùgbọ́n orí mi tí o gbà lọ́wọ́ mi..." Ó dákẹ́ síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ló tán ni, àbí ó gbàgbé èyí tó kù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá kan ilẹ̀kùn wọn pẹ́pẹ́.

"Ìyàwó mi, má bínú o. Ṣé lóòótọ́ lo kúnlẹ̀ lánàá tí o ní irọ́ ni, àbí èmi ni mo kàn rò ó?"

"Lóòótọ́ ni, Mà. Bàbá bẹ̀ yín. Èmi ni mo ní wọn ò bẹ̀ yín."

Màmá fara ti ilẹ̀kùn. "Tún un sọ."

Ó tún un sọ.