Íǹṣì Kan Ààbọ̀ Tí Mo Yọ Lára Cleavon Pettiford

Mo ti di ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Dókítà sì ti sọ fún mi láì fi bò pé ọkàn mi kò ní gbé mi dé ọdún tó ń bọ̀. Kò sí ohun tí mo tún ní tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́wọ́ mi, nítorí náà ó tó àkókò kí n sọ ohun tí mo ṣe sí Cleavon Pettiford ní Mississippi, ní oṣù kẹta ọdún 1986. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ Sunday kan tí ọ̀rọ̀ náà kì í jí mi lójú oorun. Bí mo bá kú láì wí, ó parí nìyẹn, torí èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ mi nígbà náà ni kí n máa wa mọ́tò láti ilé ẹ̀kọ́ gíga kan sí òmíràn, kí n máa wo àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, kí n sì kọ̀wé sí ẹgbẹ́ tó gbà mí síṣẹ́ pé èyí yẹ ká mú, èyí kò yẹ. Bọ́ọ̀lù àwa ará Amẹ́ríkà ni mò ń wí, èyí tí à ń gbé mọ́yà sáré, kì í ṣe èyí tí à ń fẹsẹ̀ gbá. Cleavon wà lára àwọn tí ń sá lọ síwájú láti gba èyí tí wọ́n bá jù. Ó kúrú. Ẹ̀pà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ṣùgbọ́n kí Ẹ̀pà tó gbé ẹsẹ̀ kejì, ẹni tó ń ṣọ́ ọ á ti kọjú síbòmíràn, á máa wá a kiri bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sọnù.

Àríyànjiyàn tí kì í tán láàárín àwa oníṣẹ́ yìí ni pé ǹjẹ́ ẹni kúkúrú lè rọ́wọ́ mú láàárín àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. Ẹgbẹ́ tèmi ti dá a lẹ́jọ́: ẹni tí kò bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íǹṣì mẹ́jọ, ẹ má kọ orúkọ rẹ̀ wá. Èmi tí mò ń pa òfin yìí mọ́, èmi náà kúrú. Ní ọdún 1967 mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dán ara mi wò bí agbábọ́ọ̀lù lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan kí kóòṣì wọn tó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Stroud, o gbìyànjú, ṣùgbọ́n o kéré jù." Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn relé bí ìwé ẹ̀rí. Fún ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń sọ fún ìyàwó mi, fún àwọn àna mi, fún ẹni tó ń gẹrun mi, pé gíga nìkan ló dá mi padà. Ta ni yóò bá mi jiyàn?

Mo wo Cleavon nínú ìdíje kan ní oṣù kẹwàá ọdún tó ṣáájú. Gbogbo ohun tí mo máa ń ṣe lórí pápá ló ń ṣe, ó sì ń ṣe é dáadáa jù mí lọ. Inú mi kò dùn. Ohun kan ń sọ fún mi pé, bí wọ́n bá mú ọmọ yìí, kí wá ni ó lé ìwọ relé? Mi ò fẹ́ dáhùn ìbéèrè yẹn. Ẹ wo irú ènìyàn tí mo jẹ́.

Nígbà tó di oṣù kẹta, àwa mẹ́wàá láti ẹgbẹ́ mẹ́wàá pàdé ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti wọn àwọn ọmọ. Àṣà wa ni pé ẹnì kan ló ń wọ̀n, á pè é jáde, àwọn yòókù á kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe pè é. Èmi ni mo dàgbà jù, wọ́n ní kí n máa wọ̀n. Àwọn ọmọ bọ́ bàtà, wọ́n ń fẹ̀yìn ti ògiri ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń na ọrùn. Dutch Krebs, ẹni tó wá láti ẹgbẹ́ mìíràn, ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀: "Sọ ọrùn yẹn kalẹ̀, àgùfọn! Kì í ṣe ọrùn la wá rà!"

Ó kan Cleavon. Mo gbé igi ìwọ̀n lé e lórí. Mo rí i kedere: ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, íǹṣì mẹ́jọ àti ààbọ̀. Mo lanu, mo ní, "Márùn-ún àti méje!" Bírò mẹ́sàn-án kọ ọ́ sílẹ̀.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò. Mo jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ẹ̀pà," Krebs dá a lóhùn, "ṣé ká bomi rin ẹ́ ni, kó o lè hù sí i?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Kóòṣì Gaddis, tó kọ́ ọmọ náà fún ọdún mẹ́rin, sáré dé. "Wendell, irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Ọmọ yìí ga ju méje lọ!"

Mo fa ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ wọn máa ń tà fún òǹwòran lọ́jọ́ ìdíje yọ. "Kóòṣì, márùn-ún àti mẹ́wàá lẹ̀yin kọ síbí. Ṣé tiyín ni ká gbà gbọ́ ni?"

Ó padà sẹ́yìn. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí kì í fi íǹṣì méjì kún gíga àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ìwé yẹn. Gbogbo wa mọ̀, òun náà mọ̀ pé a mọ̀. Ẹni tó ti bù kún un, báwo ló ṣe fẹ́ fẹ̀sùn kàn mí pé mo bù kúrò?

Ìbá ṣe pé ibẹ̀ ni mo ti dúró! Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń kẹ́rù sínú mọ́tò níwájú ilé ìtura, Cleavon dé, ó sì mú téèpù dání.

"Ọ̀gá Stroud, ẹ káàárọ̀, sà. Kóòṣì sọ fún mi pé ẹ̀yin náà gbá bọ́ọ̀lù rí, pé ẹ ò ga. Mo ní ẹ̀yin lọ́rọ̀ mi máa yé."

Mo ní kó fẹ̀yìn ti férémù ilẹ̀kùn. Mo wọ̀n ọ́n. Ó fi àtàǹpàkò sí ojú àmì náà, ó yíjú wò ó fúnra rẹ̀. "Mẹ́jọ ààbọ̀! Ṣé ẹ rí i, sà?"

"Mo rí i. Àṣìṣe ni. Mo máa pe gbogbo wọn lónìí. Ṣùgbọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni o, ẹgbẹ́ kì í fẹ́ aláròyé."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú. "Ọlọ́run á bù kún yín, sà."

Mi ò pe ẹnikẹ́ni. Krebs ló pè mí lọ́sẹ̀ kejì: "Wendell, ojú mi ò gba méje yẹn o. Ó dá ẹ lójú?" Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wọ̀n ọ́n." Òótọ́ sì ni. Kò sí irọ́ tí mo pa láyé mi tó burú tó òótọ́ yẹn.

Nígbà tí ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ ń mú ọmọ pé, wọ́n pe orúkọ tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Cleavon jókòó ti tẹlifóònù nílé ìyá rẹ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko. Kò dún. Láti ìgbà náà wá, mo ti rí àwọn tó kúrú jù ú lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, tí àwọn òmìrán ń lé wọn tí ọwọ́ wọn ò tó wọn. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti gba bọ́ọ̀lù ni mo máa ń pa tẹlifíṣọ̀n.

Lóṣù tó kọjá mo wá nọ́ńbà tẹlifóònù rẹ̀ rí, mo pè é. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní bọ́ọ̀lù nílùú wọn báyìí. Mo ti múra láti jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ ń dúpẹ́!

"Ẹ ṣé tí ẹ bá mi tún gíga mi tí wọ́n kọ sílẹ̀ ṣe nígbà yẹn, sà. Wọ́n mọ bí mo ṣe ga tó, síbẹ̀ wọn ò fẹ́ mi. Ó jẹ́ kí n tètè mọ̀ pé kò sáyè fún ẹni kúkúrú. Àwọn kéékèèké tó bá wá sọ́dọ̀ mi, mo máa ń sọ fún wọn ní tààrà pé kí wọ́n wá nǹkan mìíràn ṣe."

Ọdún mélòó ló ti ń dá wọn padà? Mi ò lè bèèrè. Mo kí i pé ó dàbọ̀, mo gbé tẹlifóònù sílẹ̀ bí ojo.

Cleavon, mi ò tún nǹkan kan ṣe. Kò sẹ́ni tó wò ọ́ bí o ṣe ga tó kó tó kọ̀ ọ́. Irọ́ mi ni wọ́n kọ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. Bí o ò bá lè forí jì mí, má forí jì mí, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kúkúrú tí o ti lé kúrò lọ́dún yìí, mo bẹ̀ ọ́, lọ pè wọ́n padà sórí pápá.