Àwọn Góòlù Tí Mo Fi Ẹnu Gbá Wọlé

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá ẹ̀gbọ́n mi, Télọ̀, dúró lẹ́yìn àwọ̀n góòlù, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Ẹ̀gbọ́n mi kò pa yín tì. Èmi ni mo yà á kúrò lára yín.

Nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Rédíò kì í sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kékeré bíi tiyín, nítorí náà ohun tí ẹ bá kọ sórí fóònù rẹ̀ ni mo ń kà fún un. Ní Sátidé kan, ẹ kọ ọ́ pé wọ́n ti nà wá ní ìnà burúkú. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò tán ni, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru. Mo ní, "Bọ̀dá mi, a borí." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwa yìí náà?" Ẹ̀rín yẹn ló tàn mí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ń pàdánù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí èmi ń fi ẹnu gbá góòlù wọlé nínú yàrá. Aṣọ́lé yín, tí bọ́ọ̀lù ń gba abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá bí ẹni ń lọ sílé, mo sọ ọ́ di akọni.

Àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ti nà yín, á ní kí n lọ gba jẹ́sì àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ti ya wá lọ́wọ́ Bíríkìlà, olórí ẹ̀yin alátìlẹ́yìn, kí òun lè rán wọn. Ọwọ́ ló fi ń wá ojú abẹ́rẹ́. Á ní àwọn ọmọ òun kò gbọdọ̀ tún wọ àkísà lé ìyà. Nígbà tí mo kó jẹ́sì sí i lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó tì í sẹ́yìn: "Ẹni tó ń borí báyìí ti rí télọ̀ tó ríran. Wọn ò nílò mi mọ́." Ó yẹ kí n sọ òótọ́ níbẹ̀. Ojú tì mí, mo panu mọ́.

Èyí tó burú jù nìyí. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ yín máa gbá bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn ọdún, Bíríkìlà gbé mọ́tò wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, a wá gbé Télọ̀. Bí a bá pàdánù lónìí, a ti já sí ìpele ìsàlẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó wà pẹ̀lú wa." Bó bá wọlé, àṣírí mi tú. Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, mo ní, "Ó ní òun ò bá olófo ṣe mọ́."

Bíríkìlà wò mí. "Télọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun ni."

Ó padà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi béèrè láti inú yàrá pé ta ni. Mo ní ẹni tó ṣi ilé ni. Ó ní, "Mo rò pé àwọn èèyàn mi ni." Kò sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù mọ́ títí tó fi kú, kò sì sí ìkankan nínú yín tó wá síbi ìsìnkú rẹ̀. Mi ò bá yín wí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń tọ́jú aláìsàn, kí ẹ tó parọ́ tu ẹnikẹ́ni nínú, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó fẹ́ràn. Èmi rò pé ìborí ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn. Ẹ̀yin ló fẹ́ràn. Bí ẹ ò bá lè dárí jì mí, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà má pè é ní ọ̀dàlẹ̀ mọ́. Ó kú pẹ̀lú èrò pé ẹ̀yin lẹ ti gbàgbé òun.