Obìnrin Tí Kì í Dá Géèmù Padà Sẹ́yìn

Nínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìtòrì ní gáréèjì Kútọ̀, obìnrin kan àti àbúrò rẹ̀ ń jiyàn níwájú mi lórí géèmù ogun orí kọ̀ǹpútà.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀gágun yín kú, ẹ ò sì dá géèmù padà sẹ́yìn kó lè jí?”

“N kì í dá a padà. Géèmù tí òkú ti ń jí kò dùn.”

“Ẹ pàdánù nìyẹn.”

“Ta ló pàdánù? Àgbẹ̀ mẹ́fà ló kù. Mo ní kí wọ́n mọ odi, kí wọ́n gbin àgbàdo, títí oúnjẹ fi tán lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá, tí àwọn ọ̀tá sì sá. Àwọn àgbẹ̀ tó kù yẹn ni mo fi ṣẹ́gun.”

“Mo gbà fún yín.”

Láti ìgbà tí mo ti sin Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó mi, n kò tíì pe ìkankan nínú àwọn ọmọ wa lórí fóònù. Kí a tó dé Ìtòrì, mo ti pe Ṣẹ́gun, mo ti pe Kẹ́mi, pé kí wọ́n wá bá mi jẹun lọ́jọ́ Àìkú.