Ẹ̀yìn Obìnrin Inú Sinimá

Òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ náà, ìbáà jẹ́ orí ẹní ìsoyìgì ni yóò ti jáde. Ohun tí Sàká ń sọ nínú ara rẹ̀ nìyẹn nígbà tí Àlùfáà Bàdárù bi àwọn èèyàn tó pé jọ sí Cow Lane, àdúgbò àwọn Yorùbá ní Accra, léèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n so yìgì Sàká àti Wòsílátù. Ọdún tí Ghana gba òmìnira ni, inú gbogbo Accra ń dùn, inú ọkọ ìyàwó sì ń dùn débi pé ayọ̀ náà ń bà á lẹ́rù. Ó ti wo inú èrò títí, kò rí Kùdírátù, ọ̀rẹ́ ìyàwó láti kékeré. Ló bá na ọwọ́ sókè.

"Àlùfáà, èmi ni mo mọ ìdí náà."

"Ìwọ wo? Ìwọ ọkọ ìyàwó?"

"Èmi náà ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó pa mí."

Kò sí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ Sàká. Òun ni ògbufọ̀ mọ́tò sinimá ìjọba, èyí tó ń gbé àwòrán káàkiri láti kọ́ aráàlú ní ìmọ́tótó. Bí òyìnbó inú àwòrán bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, Sàká á gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, á máa sọ ọ́ ní Yorùbá. Ọ̀gá rẹ̀ kò gbọ́ ju Twi àti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bó bá ti rí i pé èrò ń rẹ́rìn-ín, ó gbà pé ẹ̀kọ́ ti wọlé nìyẹn. Ẹni tí kò sí ẹni tó lè yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò, ẹ bá mi wo ibi tí ẹnu rẹ̀ lè gbé e dé.

"Ẹ rántí àwòrán gọ́tà," ni Sàká bẹ̀rẹ̀. "Obìnrin kan kẹ́yìn sí wa, ó ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà, òjò rọ̀, omi ya wọlé. Òyìnbó kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìlú ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ya á. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Wòsílátù kọ̀ mí, ó ní ẹnu mi ti pọ̀ jù. Èmi aláìnítìjú, inú bí mi. Mo ní, 'Ẹ̀yin ará, Wòsílátù oníkóóse, alákàrà wa, lẹ ń wò yìí o! Àwọn oníkámẹ́rà ló fara pamọ́ ya á!' Mo tún fi kọrin, ẹ̀yin náà sì gbè é."

Ẹ̀rín sọ, torí wọ́n rántí orin náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì sinimá yẹn, Wòsílátù ti ń gbá gọ́tà. Àwọn yòókù bẹ̀rù pé orúkọ tiwọn ló kàn, làwọn náà bá gbé ìgbálẹ̀, Cow Lane sì mọ́ tónítóní. Gbogbo èèyàn ló ń yin Sàká.

"Wòsílátù pàápàá gbà gbọ́," ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ta ló ti rí ẹ̀yìn ara rẹ̀ rí? Ó sunkún wá bá mi, ó ní, 'Bọ̀dá Sàká, ta ló mú wọn wọ àgbàlá wa? Ṣé Kùdírátù ni?' Ibẹ̀ ni mo ti ṣe èyí tó burú jù. Ǹ bá sọ pé rárá. Mo rí i pé bí n kò bá sọ òtítọ́, yóò máa wá sọ́dọ̀ mi fún ìtùnú. Mo mí kanlẹ̀, mo ní, 'Ọ̀rẹ́ òde òní, ta ló mọ̀ wọ́n?' Láti ọjọ́ náà wọn kò kí ara wọn mọ́. Orí ìjà wọn ni mo fi ìdí ìfẹ́ mi lé."

"Ebei! Sàká!" ni igbe ta.

Wòsílátù dìde láàárín àwọn obìnrin, ó kọjá lára Sàká láìwò ó, ó jáde sí òpópónà. Sàká gbà pé ó ti tán nìyẹn. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ fúyẹ́. Ìgbà tí Wòsílátù yóò fi padà, Kùdírátù ló fà lọ́wọ́, àwọn méjèèjì ń sunkún, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

"Òun ni wọ́n purọ́ mọ́," ni Wòsílátù wí. "Ohun tó bá sọ ni mo fara mọ́."

Sàká dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti agbádá ìgbéyàwó. "Kùdírátù, jọ̀ọ́, forí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wò mí o: bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ rán yín, ẹ má fi ìbínú yín kún un. Ẹ má sì torí irọ́ mi padà máa da ìdọ̀tí sí gọ́tà, òótọ́ ni ti omi òjò yẹn."

Kùdírátù wò ó títí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Àlùfáà, ẹ so ó fún wọn. Ọkùnrin tó lè jẹ́wọ́ lórí ẹní ìsoyìgì, irọ́ wo ló tún fẹ́ fi pamọ́ fún ìyàwó rẹ̀?"

"Àlùfáà, ẹ tètè o," ni Wòsílátù wí, "kó tó rí òmíràn jẹ́wọ́."