Àpá Bọ́ọ̀lù Tí Mo Fi Bàtà Nù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ tẹníìsì wa ní Òkè-Ìlá, mo ti gbọ́ oríṣi ìtàn mẹ́ta tí ẹ ń sọ nípa ìdí tí wọ́n fi kọ orúkọ mi dé ìdajì sára ògiri pápá wa. Kò sí èyí tó burú tó òtítọ́ nínú wọn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Èmi Olúwarótìmí, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, tí ń kìlọ̀ fún yín pé kí ẹ má rẹ́ ara yín jẹ, mo rẹ́ ọ̀rẹ́ mi jẹ.

Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, èmi àti Ọláoyè, tí a jọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́, pàdé nínú àṣekágbá ìdíje àwọn àgbà. Ẹ mọ̀ pé a kì í ní rẹfirí: oníkálukú ló ń dájọ́ bọ́ọ̀lù tó bá bọ́ sí ìhà tirẹ̀, alátakò rẹ̀ a sì gbà á gbọ́. Ọwọ́ òsì ni Ọláoyè ń lò, bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì le bí òkò. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé orúnkún ń dùn ún, mo bá ń gbá bọ́ọ̀lù kúkúrú sí ẹ̀bá nẹ́ẹ̀tì kí ó lè máa sáré wá. Ìyẹn kọ́ ni mo ń jẹ́wọ́. Ọgbọ́n ayò ni, ojú rẹ̀ ni mo ti ṣe é, ó sì láǹfààní láti fi tirẹ̀ dá mi lóhùn. Ẹ̀ṣẹ̀ ni ohun tí a bá ṣe lẹ́yìn ojú ẹni tó gbà wá gbọ́.

Ó ku àmì kan péré kí Ọláoyè gba ife, ni ó bá gbá bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Mo rí i kedere: ó bà lórí ìlà, èyí tó jẹ́ pé ó wọlé, ẹfun tí a fi fà á tú sókè bí èéfín, àpá rẹ̀ sì wà lórí iyẹ̀pẹ̀ pupa. Mo ní, “Ó jáde.” Ẹ̀rù bà mí pé ó lè wá wò ó, mo fi bàtà nu àpá náà bí ẹni tí ń wá ibi tí yóò dúró sí.

Ọláoyè dúró. “Rótìmí, ṣé ó dá ọ lójú?”

Mo ní ó dá mi lójú. Ó bi Adéyẹyè, àna mi, tó jókòó sí ìdí ìlà náà gan-an. Adéyẹyè bọ́ gíláàsì, ó ń nù ún, ó ní ojú òun kò tó ibẹ̀. Gíláàsì tuntun ni o. Ọláoyè ní ó dáa, ó padà sẹ́yìn, a ń gbá a lọ, èmi ni mo sì gba ife níkẹyìn. Èyí tó burú jù kò tíì dé: wọ́n tún fún mi ní àmì ẹ̀yẹ ìwà ọmọlúàbí, Ọláoyè ló dábàá rẹ̀, mo sì fi ogún ìṣẹ́jú bá wọn sọ̀rọ̀ lórí òtítọ́. Ojú kò tì mí.

Ní Sátidé tó kọjá, tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ mi sọ pápá wa, Dùnmínínú, akọ̀wé wa, ti fi ọ̀dà kọ “Pápá Olúwa”, ó ku “rótìmí”, nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́. Mo ní kó dáwọ́ dúró, mo sì tú gbogbo rẹ̀ síta lójú àwọn àgbà ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀, títí kan Ọláoyè àti Adéyẹyè. Adéyẹyè ní òun fẹ́ lọ wo ọkọ̀ òun.

Ọláoyè rẹ́rìn-ín. “Mo rí ẹfun yẹn, ọ̀rẹ́. Ọjọ́ tí wàá sọ ọ́ ni mo ń retí.” Ó ní òun kò ní dárí jì mí àfi bí a bá tún àmì yẹn gbá lójú ẹsẹ̀.

A bọ́ sójú pápá. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kọjá mi, ó sì bà ní ìta ìlà ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Ayọ̀ ìrònúpìwàdà gbé mi, mo ké pé, “Ó wọlé!” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọláoyè rọra tiro yí nẹ́ẹ̀tì ká, ó bẹ̀rẹ̀ wo àpá náà, èyí tí n kò nù lọ́tẹ̀ yìí.

“Rótìmí,” ó ní, “o tún purọ́.”

Títí di òní kò tíì dárí jì mí. Ó ní a óò tún un gbá ní Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ibi tí bọ́ọ̀lù bá bà ni kí ẹ pè, ẹ̀rù ì báà máa bà yín, àánú ì báà máa ṣe yín. Ẹ bá mi bẹ Ọláoyè. Kí ẹ sì bá mi wá ẹni tí yóò máa wo ìlà, tí kì í ṣe Adéyẹyè.