Àbàwọ́n Tí Kànìnkànìn Kò Lè Fọ̀

Mo búra fún yín, ẹ̀yin tó ń ka èyí: bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí gbogbo ọ̀nà tí mo ti rìn láyé lé mi padà. Ìṣojú mi ló ṣe. Títí di òní, bí mo bá di kànìnkànìn mú láti wẹ̀, n kì í lè fi gbo ẹsẹ̀ ara mi. Kì í ṣe ti ogbó.

Kí òmìnira tó dé ni. Èmi aláìnílé ń bó obì ní Ifọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, níbi tí wọ́n ti ń di obì ránṣẹ́ sí òkè Ọya. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi Ràṣídì jọ ń sùn lórí ẹní kan ni. Ẹni tó bá bó obì rí mọ̀ pé oje rẹ̀ kì í tètè fi ara sílẹ̀. Ràṣídì tún ń jẹ ẹ́ dípò oúnjẹ, ó ní oúnjẹ kò wu òun mọ́. Bí eyín rẹ̀ bá pọ́n, ta ni yóò rò pé ẹ̀jẹ̀ ni? Nítorí náà, nígbà tí àmì pupa wínníwínní yọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rín ni mo fi rín in.

“Ràṣídì ọ̀bùn! Ṣé báyìí lo fẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn àna ẹ?”

“Ìwọ tí o ò ní àna, kí lo mọ̀?”

Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n fẹ́ so yìgì òun àti Sikirá ní Ibafo. Mo ní kò ní í dójú tì wá. Mo bu ọṣẹ dúdú sí kànìnkànìn, mo fi gbo ẹsẹ̀ rẹ̀ gidi. Áà! Ibi tí mo gbo ni ẹ̀jẹ̀ ti ń sun jáde, àmì náà sì wà níbẹ̀ digbí. Ó ní ó ti rẹ òun. Mo ní àfi kó tún wẹ̀ ni. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹyinjú rẹ̀ ti dà bí ìyeyè, ó ń fi orúkọ bàbá rẹ̀ tó ti kú pè mí.

Lọ́rì obì ló gbé wa dé ọsibítù ní Abẹ́òkúta. Dókítà ní kí n fi ojú kan wo inú awò kan tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ẹ̀jẹ̀ Ràṣídì rèé, ó já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ohun tí wọ́n fi ọ̀bẹ rẹ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ń dì nínú àwọn iṣan tó tín-ín-rín ju irun lọ. Ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì ti tán, ni èyí tó kù fi ń sun jáde lára. Ẹ̀jẹ̀ kan náà, ó ń dì, ó sì ń dà! Mo bi í pé kí ló fà á. Ó fa ọwọ́ mi lé òkè ìdodo Ràṣídì. Nǹkan líle kan wà níbẹ̀, kò ju obì kan lọ. Ó ní jẹjẹrẹ ni, ó ti ba síbẹ̀ tipẹ́. Ọlọ́run Ọba! Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ohun tí kò ju obì lọ jókòó síkọ̀kọ̀, ó ń pàṣẹ fún ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀! Mo ti bá olè pàdé lọ́nà, mo ti sùn ti ejò. Ẹ̀rù kò bà mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ràṣídì kú kí Jímọ̀ tó pé. Dókítà ní kì í ṣe gbígbo ló pa á. Ṣùgbọ́n Sikirá bi mí bó ṣe lo ọjọ́ rẹ̀ tó gbẹ̀yìn, mo ní ó wẹ̀, ó ń múra dè é. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ṣé irọ́ nìyẹn? N kò sọ fún un pé lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, mo tún mú aṣọ tútù, mo ń nu ẹsẹ̀ náà, títí ó fi la ojú wò mí, tó sọ èyí tó sọ kẹ́yìn láyé.

Ó ní, “Má fọ̀ ọ́ mọ́. Kì í ṣe ìdọ̀tí.”

Má fọ̀ ọ́ mọ́. Kì í ṣe ìdọ̀tí.